Ẹ Bo Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Ra Oògùn

Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu fún un. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, mo ní ìbéèrè kan fún yín kí n tó sọ ohunkóhun: ìgbà wo lẹ rí ekòló kẹ́yìn nínú oko yín? Mi ò sọ pé létí odò, mi ò sì sọ pé lẹ́yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ń dà sí. Inú oko gan-an ni mò ń wí, nídìí ata, láàárín ebè tòmátì, lábẹ́ ẹ̀gẹ́. Bí ẹni tí mo bi bá kọ́kọ́ dákẹ́, tó ń ronú, ó ti dá mi lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń dáná sun aṣọ tó yẹ kó bo ilẹ̀, a wá ń yáwó ra oògùn fún àìsàn tí ìhòòhò ilẹ̀ ń dá sílẹ̀. Oògùn náà kì í dúró lórí ewé. Ó ń ṣàn wọ inú ilẹ̀, ó sì ń pa àwọn ẹ̀dá tó ń bá wa tọ́jú ilẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá di ọdún kejì, àìsàn á tún le sí i, àgbẹ̀ á sì tún ra oògùn sí i. Mo ní àṣà yìí kò dára. Mo ní ó ń sọ àgbẹ̀ di ìwọ̀fà ilé ìtajà. Mo sì ní èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe rẹ̀ wà nínú koríko tí a ń ṣáná sí lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń ṣú, láti Odógunyàn dé Ìmọ̀tà, láti Àgbówà dé Ìtòìkín, títí lọ dé Kétu-Ẹ̀pẹ́, èéfín ni yóò máa júwe ibi tí oko wà fún èrò ọ̀nà. Àgbẹ̀ á ṣán igbó, á jẹ́ kó gbẹ, á ṣáná sí i. Nígbà tí iná bá kú tán, ilẹ̀ á mọ́ fẹ́fẹ́, ẹni tó ń kọjá á sì yìn ín pé oko yìí mà mọ́ o. Lóòótọ́, eérú a máa fún irúgbìn lágbára fún sáà kan, mi ò ní parọ́ mọ́ eérú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú oúnjẹ tó wà lára koríko náà, pàápàá náítírójìn, ti bá èéfín gòkè lọ. Eérú tó ṣẹ́ kù, òjò ńlá díẹ̀ ló ń gbá a lọ sínú gọ́tà àti ọ̀sà. Ohun tó kù fún àgbẹ̀ ni ilẹ̀ tí kò ní aṣọ lára.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ wa kì í ṣe irú ilẹ̀ tó lè fara da ìhòòhò. Ilẹ̀ etí òkun ni. Yanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ kéré, ásíìdì sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di omi àti oúnjẹ mú ni ewé jíjẹrà, erùpẹ̀ dúdú tó wà lókè téńté, tí kò jìn ju ìwọ̀n ìka mélòó kan lọ. Ẹni tó bá pàdánù erùpẹ̀ dúdú yẹn, yanrìn ìkọ́lé ló kù tó ń gbin nǹkan sí.

Òjò ìhà ọ̀dọ̀ wa kì í sì í ṣe òjò ṣeréṣeré. Ó máa ń tó mílímítà 1,500 lọ́dún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kẹfà ló sì máa ń le jù. Ẹ lọ wo ìsàlẹ̀ ògiri ilé èyíkéyìí tí wọn kò fi sìmẹ́ńtì yí ká, ẹ ó rí erùpẹ̀ pupa tó ta mọ́ ọn láti ilẹ̀ títí dé ìwọ̀n orúnkún. Òjò ló ta á. Bí ẹ̀kán òjò bá já lu ilẹ̀ tí kò ní ìbora, á ta erùpẹ̀ sókè, bó ṣe ń ta á mọ́ ògiri náà ló ń ta á mọ́ ewé ìsàlẹ̀ tòmátì àti ata. Inú erùpẹ̀ yẹn, àti inú ewé àmọ́dún tó jẹrà sínú rẹ̀, ni irúgbìn àìsàn ń sùn sí. Ìdí nìyí tí ewé ìsàlẹ̀ fi máa ń kọ́kọ́ ní àbààwọ́n dúdú, kí àìsàn náà tó máa gun igi lọ sókè. Àgbẹ̀ á rí àbààwọ́n, á sáré lọ ra oògùn. Kò ní bi ara rẹ̀ pé báwo ni erùpẹ̀ ṣe dé orí ewé. Koríko tí a tẹ́ sílẹ̀ ì bá ti gba ẹ̀kán òjò náà sára rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí láìlọ sí yunifásítì. Wọ́n máa ń fi koríko gbígbẹ tàbí ewé dé orí ebè iṣu, wọ́n á bu erùpẹ̀ díẹ̀ lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé oòrùn á se èbù náà jinná bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti ẹ̀gẹ́, ìtàkùn rẹ̀ á fà bo gbogbo ilẹ̀ kí koríko tó ráyè hù, wọ́n á sì tún rí ọbẹ̀ sè nínú rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn náà ń sun igbó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbin nǹkan lọ́dún méjì mẹ́ta, wọ́n á fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó tún di igbó fún ọdún púpọ̀, igbó á sì tún aṣọ rán fún ilẹ̀. Àwa ti pa apá kejì àṣà wọn tì, a di apá kìíní mú. A ń sun igbó bíi tiwọn, a ò sì ní ilẹ̀ tí a lè fi sílẹ̀ bíi tiwọn mọ́, nítorí ibi tí igbó ì bá ti hù, ilé ló ń hù níbẹ̀ báyìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtàn àtijọ́ lásán ni mò ń sọ, kó wo ohun tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan tó ń jẹ́ Rattan Lal lo ọ̀pọ̀ ọdún, láti bíi 1970 títí dé 1987, lórí ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń wọ́ lọ. Ó fi ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó fi pòròpórò àti koríko bo òmíràn, ó sì ń wọn ohun tí òjò ń kó kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé bí a bá tẹ́ tọ́ọ̀nù 4 sí 6 pòròpórò sórí hẹ́kítà kan, ìwọ́lọ erùpẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Ó tún wọn ooru ilẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ooru ilẹ̀ ìhòòhò lè ju 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ní ìwọ̀n ìka méjì péré sísàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ọmọ irúgbìn wà. Ta ni nínú wa tó lè fẹsẹ̀ lásán dúró lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká má tíì sọ ti gbòǹgbò? Ní 2020, wọ́n fún ọkùnrin yìí ní World Food Prize, ẹ̀bùn tó ga jù lágbàáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ará ọ̀nà jíjìn gbọ́, àwa tó wà ní Ìkòròdú ṣì ń ṣáná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ sí òṣùwọ̀n tí a mọ̀ ní Èkó. Pílọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 yóò gba nǹkan bíi kílò 270 sí 400 koríko gbígbẹ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kò lè kó jọ.

Ẹ wá jẹ́ ká yíjú sí oògùn. Fọ́ńjísáìdì ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní oògùn apolú, nítorí ẹ̀dá tó jẹ́ ìbátan olú ló wà fún láti pa, irú èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Mi ò ní kò wúlò. Ohun tí mò ń bá a jà lé lórí ni pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò mọ olú burúkú yàtọ̀ sí olú rere, bẹ́ẹ̀ olú rere ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ ní gàrí àti fùfú, gbòǹgbò rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kiri nínú ilẹ̀. Olú tín-ín-tín kan ló ń so mọ́ gbòǹgbò náà, tó ń na ọwọ́ lọ sí ibi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè dé, tó sì ń bá a gbé oúnjẹ wá. Ẹ̀gẹ́ wà lára àwọn ohun ọ̀gbìn tó gbára lé olú yìí jù. Olú mìíràn tún wà tó ń sọ ewé di erùpẹ̀ dúdú. Òmíràn wà tó ń bá olú alárùn jà, tó ń jẹ ẹ́ run. Bí a bá ń da oògùn apolú sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí èyí tí a kò ní ṣe lọ́ṣẹ́ nínú wọn. Ńṣe ni a dà bí ẹni tí olè wọlé rẹ̀, tó wá ń yìnbọn lu ọdẹ aṣọ́dẹ.

Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ ekòló. Carbendazim wà lára orúkọ tí a sábà máa ń rí lára ọ̀rá àti páálí oògùn apolú, nígbà mìíràn òun nìkan, nígbà mìíràn pẹ̀lú mancozeb. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tuntun kan ń pa ekòló, wọ́n máa ń fi carbendazim ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ó ti dá wọn lójú pé ó ń ṣe ekòló ní jàǹbá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ohun tí wọ́n fi ń wọn ikú ekòló ni a ń fín sóko, tí a sì tún ń béèrè ìdí tí ilẹ̀ fi le bí ojú títì. Ekòló ló ń lu ihò sínú ilẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà wọlé. Ekòló ló ń jẹ ewé lókè, tó ń yà á sílẹ̀ ní ọ̀rá fún irúgbìn. Bí ekòló bá kú, àgbẹ̀ ni yóò máa fi ọkọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní lè ṣe é tó.

Ilẹ̀ Yúróòpù kò gba carbendazim láàyè mọ́ láti òpin 2014. Ní oṣù kejìlá 2020, wọ́n pinnu pé àwọn kò ní tún ìwé àṣẹ mancozeb ṣe. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí òyìnbó bá kọ̀ ni àwa náà gbọ́dọ̀ kọ̀, ojú ọjọ́ wọn kì í ṣe tiwa, àìsàn oko wọn kì í sì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó se ọbẹ̀ bá gbé abọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yẹ kí àlejò béèrè ìdí kó tó bu òkèlè.

Àwọn kan á ní, "Bàbà ni èmi ń lò, ti ayé àtijọ́ ni, kò léwu." Òótọ́ ni pé ó ti pẹ́. Ní 1885 ni Millardet, ará Faransé, ti ròyìn àdàlù bàbà tí wọ́n ń fín sí àjàrà ní ìlú Bordeaux, òun náà sì ni baba gbogbo oògùn bàbà tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa ń fín sí kòkó tí àìsàn bá sọ di dúdú. Ṣùgbọ́n bàbà kì í jẹrà. Oògùn mìíràn lè dínkù nínú ilẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù, bàbà á wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ilẹ̀ oko kòkó wò ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti fín bàbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé ó ti kóra jọ sókè ilẹ̀ débi tó fi lè ṣòro láti tún kòkó tuntun gbìn síbẹ̀. Ní Yúróòpù, òfin ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lò ju kílò 28 bàbà lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún méje. Ta ló ń ka tiwa? Nínú ilẹ̀ yanrìn tí ásíìdì pọ̀ níbẹ̀, bíi ti Ẹ̀pẹ́, bàbà tún ń ṣọṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣe nínú ilẹ̀ amọ̀ lọ, nítorí kò rí ohun tí yóò dì í mú. Ohun tó lè dì í mú ni ewé jíjẹrà, èyí tí a ti sun.

Ó wá kù ọ̀ràn kan tó burú ju gbogbo èyí lọ, ìyẹn ni fífín oògùn fún àìsàn tí oògùn náà kò mọ̀ rárá. Ojú mi ló ṣe ní oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ́nà Ìtòìkín. Tòmátì wọn tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀, nígbà tó di ọ̀sán, orí rẹ̀ ti tẹ̀, ewé rẹ̀ sì wà ní tútù láìpọ́n. Bàbá pe ẹni tó ń ta oògùn fún wọn lórí fóònù. Ẹni náà kò dé oko, kò sì rí tòmátì, ó ní kí wọ́n wá ra oògùn apolú. Bàbá rà á, wọ́n fín in. Nígbà tí kò lọ, wọ́n tún pè é. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ ọ́ di ìdérí méjì sí tánkì kan." Bàbá sọ ọ́ di méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la fín oògùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tòmátì sì kú tán. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ẹnì kan kọ́ wa pé ká gé igi tòmátì tó ń rọ, ká ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ife omi tó mọ́ gaara. Kò pẹ́ tí ohun funfun fi ń fà jáde nínú rẹ̀ bí okùn wàrà. Bakitéríà ni, kì í ṣe olú. Kò sí oògùn apolú kan láyé tó ń wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ ká ti ṣe ni ká fa àwọn tó ń kú tu, ká gbé wọn jìnnà sí oko, ká má sì gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ká fi àgbàdo rọ́pò wọn. Owó Bàbá lọ, tòmátì lọ, oògùn ẹ̀ẹ̀mẹrin sì wà nínú ilẹ̀ wọn. Ife omi kan ì bá ti gba gbogbo rẹ̀ là.

Mo mọ ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi yóò sọ. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe aláìgbọ́n ni wọ́n.

Wọ́n á ní koríko tí a tẹ́ sóko yóò kó ìgbín, ọ̀kùn àti ejò wá, ikán á sì máa jẹ ẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da koríko jọ gègèrè bí ààtàn ń wá àlejò ni. Kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó kàn tó kí ojú má rí ilẹ̀ mọ́, kó sì jẹ́ èyí tó ti gbẹ, tí kò tíì so èso, kó má baà hù. Nínú oṣù kẹfà tí òjò le jù, kí a dín in kù. Tí ikán bá jẹ ẹ́, kí a fi kún un.

Wọ́n á ní ó ń jẹ́ kí ìdí irúgbìn rà. Ó máa ń rà lóòótọ́ bí koríko bá fara kan igi tòmátì nínú ọ̀rinrin. Kí a fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ yí ìdí irúgbìn ká, kí a sì fi igi gbé tòmátì dúró kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Àṣìṣe ọwọ́ ni èyí, kì í ṣe àṣìṣe koríko.

Wọ́n á ní ibo ni a ti máa rí koríko, ta ni yóò sì gbé e? Èyí gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún lébìrà láti ṣán igbó, tó kó o jọ, tó sun ún, ló ń béèrè ibi tí koríko wà. Eèsún àti ewé Akíntọ́lá kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa. Ní Ìmọ̀tà, ẹ̀rọ ìlọrẹsì tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ní ó lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, nínú ìrẹsì tí a kò tíì pa, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló jẹ́ èèpo. Ẹ ro iye èèpo tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè pa jọ láàárín ọjọ́ kan! Àwọn agégẹdú pẹ̀lú ní lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa dà á sí. Àmọ́ kí ẹ má ṣe da lẹ́búlẹ́bú pákó tútù sórí ilẹ̀, nítorí yóò bá irúgbìn du náítírójìn. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, kí ẹ jẹ́ kó jẹrà ná. Ní ti ọ̀rá dúdú tí àwọn kan ń tẹ́ sábẹ́ kùkúḿbà, ó ń dá erùpẹ̀ dúró kó má ta, ṣùgbọ́n kì í bọ́ ilẹ̀, bó bá sì ya, wẹ́wẹ́ rẹ̀ kì í kúrò lóko mọ́.

Wọ́n á ní láìsí oògùn nínú òjò, kò sí ìkórè. Ìgbà mìíràn wà tó rí bẹ́ẹ̀, n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí àìsàn olú bá ti wọlé, tí òjò kò sì dá, ẹni tó lówó ní tòmátì yóò fín oògùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó jẹ́ ohun ìkẹyìn, kó má jẹ́ ohun àkọ́kọ́. Kó mọ àìsàn náà kó tó fín in. Kó lo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí, kì í ṣe ìdérí tí òǹtajà fi ẹnu pè. Kó má fín in lónìí kó sì kórè lọ́la fún àwọn ará ọjà Ìkòròdú láti jẹ. Kó sì rí i pé òun ti bo ilẹ̀ ná, nítorí fífín oògùn sórí ewé tí ilẹ̀ ìhòòhò wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí fífi ìgbálẹ̀ gbá omi nígbà tí ẹ̀rọ omi ṣì ń dà.

Ìdáhùn tó le jù ni ti ẹni tó ní, "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Ọdọọdún ni mò ń sanwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí oní-ẹ́sítéètì bá dé, n ó kó ẹrù mi. Kí ni n ó máa tọ́jú ilẹ̀ onílẹ̀ fún?" Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí òótọ́ ni. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, pátákó "ilẹ̀ títà" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju igi ọ̀pẹ lọ. Èmi náà kò lè sọ fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò gbin nǹkan lọ́dún tó ń bọ̀ pé kó dúró de èrè ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n èrè ìbolẹ̀ kì í dúró de ọdún mẹ́wàá. Sáà kan náà ni ó ń mú èrè wá: omi tí kò gbẹ nígbà tí òjò bá dá ní oṣù kẹjọ, koríko tí kò ráyè hù tí a ò fi sanwó ìroko lẹ́ẹ̀mẹta, àti ewé tí erùpẹ̀ kò ta bá. Ayálégbé pàápàá ń gbá yàrá tó ń sùn sí.

Mo wá kọjú sí àwọn aláṣẹ. NAFDAC kéde pé òun yóò fòpin sí oògùn apako paraquat ní oṣù kìíní 2024, àti atrazine ní oṣù kìíní 2025. Ó dára, ṣùgbọ́n fífi òfin de oògùn kan láìfi ohun mìíràn han àgbẹ̀ kò ju pé kó lọ ra òmíràn lọ. Àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ọ̀gbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní òṣìṣẹ́ tó yẹ kó máa wọ oko. Yunifásítì LASUSTECH wà ní Ìkòròdú, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn LASU wà ní Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n yan pílọ́ọ̀tì kan létí títì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bo ìdajì, kí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀, kí wọ́n kọ iye owó oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sára pátákó níwájú rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Kí wọ́n ṣètò kí èèpo ìrẹsì Ìmọ̀tà máa dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kékeré. Kí wọ́n sì má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń jẹ èrè lórí oògùn nìkan máa jẹ́ dókítà oko, nítorí ìrẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ níwájú adìyẹ kó jàre.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má dúró de ìjọba. Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ń bọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí koríko, ẹ ya ebè mẹ́rin sọ́tọ̀. Ẹ bo méjì, ẹ fi méjì sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ gbin ohun kan náà sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó bá pé oṣù méjì, ẹ mú àdá, ẹ gbẹ́ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka ekòló tí ẹ bá rí. Ẹ wo ewé ìsàlẹ̀ bóyá erùpẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ pè mí ní òpùrọ́, kí ẹ máa sun koríko yín lọ. Bí ìyàtọ̀ bá sì wà, ẹ má ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ ju ìṣáná sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò yín.